Omi AC ń dà sínú mọ́tò yín? Ẹ wá ihò tó ń gbà jáde kí wọ́n tó tú dáṣíbọ́ọ̀dù

Tẹ́ ẹ bá ń yí kọ́nà tẹ́ ẹ gbọ́ tí omi ń ṣe ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀ lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí tẹ́ni tó jókòó níwájú pẹ̀lú yín ní omi tútù ń kán sóun lẹ́sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì gbé mọ́tò lọ bá ẹni tó máa sọ pé evaporator (kinní tó ń mú afẹ́fẹ́ AC tutù) ti bàjẹ́. Nínú gbogbo èyí tí mo ti fojú ara mi rí, rọ́bà kékeré kan tó dí ló pọ̀ jù níbẹ̀, owó tẹ́ ẹ máa fún fọ́kánáísà lè tó láti yanjú ẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa torí owó gidi ti bọ́ lọ́wọ́ èmi náà kí n tó mọ̀.

Camry Muscle 2008 ni mò ń wà, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹfà, òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, mo gbé màámi lọ òde ìsìnkú ní Ìjẹ̀bú-Òde, a tan AC sílẹ̀ kí gíláàsì má bàa fín. Nígbà tá a débẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀, etí ìró wọn ti rin gbingbin, bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà nítorí òde yẹn ti mumi. Wọn ò bínú, èmi ni inú bí. Ọjọ́ kejì mo gbé e lọ fún ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe AC, ó ní evaporator ló jò, ó tú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀ pátápátá, ó pààrọ̀ ẹ̀, ó rọ gáàsì tuntun, mo sanwó. Ọ̀sẹ̀ méjì ò pé, omi tún dé. Ẹlòmíì ló wá wọ abẹ́ mọ́tò fún mi, ó fi rọ́bà tín-ín-rín ti nǹkan sókè nínú ihò kan, kinní bí amọ̀ gbígbẹ kọ́kọ́ já bọ́, lẹ́yìn náà ni omi dúdú ṣàn jáde, á tó píọ̀ wọ́tà kan ààbọ̀. Nígbà tí mo tẹ amọ̀ yẹn fọ́, aláǹtakùn kékeré méjì tó ti gbẹ ló wà nínú ẹ̀. Kòkòrò tó máa ń fi amọ̀ kọ́lé sára ògiri yẹn ló wọ ibẹ̀ lọ kọ́lé, ó kó oúnjẹ pamọ́ fáwọn ọmọ ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání nìyí: evaporator tó bá jò, gáàsì ló ń jò níbẹ̀, kì í ṣe omi. Gáàsì kì í da omi sórí rọ́ọ̀gì. Tí AC yín bá ń tutù dáadáa, tí omi sì ń dà sínú, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ra evaporator, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ihò tómi ń gbà jáde hàn yín.

Ibi tómi yẹn ti ń wá

Ẹ ronú ife omi tútù tẹ́ ẹ gbé kalẹ̀ sórí tábìlì lọ́sàn-án, bó ṣe máa ń làágùn lára. Bí evaporator ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Inú àpótí ike kan lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà, ó tutù gan-an, ó kù díẹ̀ kó dé òdo tí omi ti ń di yìnyín, bílówà wá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ara ẹ̀ kọjá. Ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́ á di omi sára ẹ̀, omi á kán sí ìsàlẹ̀ àpótí, ihò kan wà níbẹ̀ tí rọ́bà wà lẹ́nu ẹ̀, ó gba inú irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tá a ń jókòó sí, á wá kán sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Omi tẹ́ ẹ máa ń rí lábẹ́ mọ́tò tẹ́ ẹ bá páàkì pẹ̀lú AC nìyẹn, ó dáa bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ kó máa lọ. Tí rọ́bà yẹn bá dí, àpótí á kún, tẹ́ ẹ bá ti wá yí kọ́nà tàbí tẹ bíréèkì ó máa tú jáde sórí ẹsẹ̀ ẹni iwájú. Lọ́dọ̀ wa apá ọ̀tún ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London apá òsì ló máa jẹ́ fún yín.

Ìgbà òjò ló máa ń le jù torí ọ̀rinrin pọ̀. Tí ọyẹ́ bá dé afẹ́fẹ́ á gbẹ, omi á dínkù, á wá dà bíi pé ó ti san. Kò san o. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yìí fún yín ní January tó ní ó ti parí, oṣù karùn-ún lẹ máa tó mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú omi tó jẹ́

Ẹ gbé rọ́ọ̀gì tó ṣeé yọ kúrò, ẹ fi tíṣù funfun tẹ ibi tó rin mọ́lẹ̀, ẹ wò ó, ẹ gbóòórùn ẹ̀. Omi AC mọ́, kò láwọ̀, kì í yọ̀ lọ́wọ́. Àmọ́ tó bá ní àwọ̀ ewé tàbí pupa, tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí òróró, tó ní òórùn dídùn kan báyìí, tí gíláàsì iwájú sì máa ń fín tí kì í nù tán, kúláǹtì nìyẹn, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, hítà tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló jò, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ẹ wo ike kúláǹtì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bóyá ó ń lọ sílẹ̀. Ìyẹn ò gba ìdúró o, torí tí kúláǹtì bá tán ẹ́ńjìnnì á gbóná, kò sì dáa kéèyàn máa fa èéfín ẹ̀ símú.

Omi òjò náà ńkọ́? Ẹ má tan AC rárá fún ọjọ́ méjì. Tí ibẹ̀ ò bá rin, tó wá rin lẹ́yìn tí òjò rọ̀ tàbí lẹ́yìn tẹ́ ẹ fọ mọ́tò, AC kọ́. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú níbi tí wáípà wà, ewé ló máa ń kún ibẹ̀ tómi ò fi ríbi gbà lọ, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń páàkì sábẹ́ igi máńgòrò. Tí mọ́tò bá ní gíláàsì tó ń ṣí lókè òrùlé (sunroof), rọ́bà omi tiẹ̀ náà lè dí. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń rin tàbí ibi tí dírẹ́bà ń tẹsẹ̀ sí nìkan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí AC.

2. Ẹ wò ó bóyá ó ń kán síta

Ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, gbangba ìta ni o, kì í ṣe inú gáréèjì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀, torí èéfín sàléńsà ń pààyàn. Ẹ tan AC, ẹ fi bílówà sí 2 tàbí 3, ẹ má tẹ bọ́tìnì tó ń yí afẹ́fẹ́ inú po, ẹ jẹ́ kó máa fa ti ìta torí ti ìta ló lómi jù. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò lápá ibi tí ẹni iwájú máa ń jókòó, ní nǹkan bí ẹ̀yìn táyà iwájú.

Tí kò bá sí omi kankan níbẹ̀, tí inú sì ń rin, ó ti dí, kò sí àríyànjiyàn. Tó bá ń kán síta tó tún ń dà sínú, ó lè jẹ́ pé ààbọ̀ ló dí, tàbí pé rọ́bà yẹn ti yọ lẹ́nu ihò. Èyí wọ́pọ̀ gan-an lára mọ́tò tí wọ́n ti tú dáṣíbọ́ọ̀dù ẹ̀ rí, ẹni tó tò ó padà ò ti rọ́bà wọlé dáadáa, tàbí kó ti gbàgbé ẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ bi ara yín léèrè: ìgbà wo lomi yìí bẹ̀rẹ̀? Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ nínú mọ́tò ni, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ wíwò.

3. Ẹ wá ẹnu rọ́bà náà rí

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, torí páìpù sàléńsà kì í jìnnà síbẹ̀, ó lè jóni lọ́wọ́ gidi. Lára mọ́tò míì ẹ lè rí i láti òkè tẹ́ ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n lára èyí tó pọ̀ jù abẹ́ lẹ ti máa rí i. Rọ́bà dúdú kékeré ni, òmíì gùn bí ìka, òmíì tẹ̀ wálẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, ó yọ jáde lára irin yẹn. Ẹ má ṣì í mú fún páìpù gáàsì AC tó jẹ́ irin, tàbí rọ́bà hítà méjì tó tóbi tó sì ní kílíìpù lẹ́nu.

Ẹ̀yin ará, ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Mo bẹ̀ yín. Jáàkì lè yọ̀ nígbàkígbà, èèyàn ò sì ní ẹ̀mí kejì. Ẹ fi irin ìdúró tó lágbára sí i, ẹ fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, ẹ fa háńdíbíréèkì, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ mi mọ́tò wò kẹ́ ẹ tó wọlé. Tẹ́ ẹ ò bá ní irin yẹn, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń páàrọ̀ ọ́ìlì tó ní kòtò, ẹ fún wọn ní nǹkan díẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

4. Ẹ ṣí i

Ẹ fi nǹkan bojú o, omi ìdọ̀tí tó ti dúró fún oṣù mẹ́ta ló ń bọ̀ lójú yín yẹn. Ẹ fọwọ́ tẹ rọ́bà náà mọ́ra kẹ́ ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, nígbà míì ìyẹn nìkan ti tó, á já wálẹ̀.

Tí kò bá já, ẹ wá nǹkan rírọ̀ tó lè tẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni rọ́bà dríìpù tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Okùn ike tí wọ́n fi ń gé koríko náà dáa. Ẹ tì í sókè díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ máa yí i, tó bá ti kan nǹkan líle ẹ má fipá sí i. Ohun tí mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má lò ni wáyà líle tàbí irin hángà, torí evaporator kò jìnnà sókè ibẹ̀, ara ẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bíi páànù mílíìkì, tẹ́ ẹ bá gún un gáàsì á tú, iṣẹ́ tí kò ní owó á wá di iṣẹ́ olówó ńlá lóòótọ́.

Tí ìyẹn náà ò bá ṣe é, ẹ lọ sọ́dọ̀ fọ́kánáísà. Ẹ sọ fún un kó fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, kó má ju 30 psi, kó fi àkísà yí ẹnu rọ́bà afẹ́fẹ́ ẹ̀ ká kó bá ihò yẹn mu, kó máa tẹ̀ ẹ́ kó máa jù ú sílẹ̀, fíìn, fíìn, kó má dì í mú. Ẹ dúró tì í. Tí wọ́n bá tú gbogbo agbára kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè já rọ́bà inú kúrò lẹ́nu àpótí, ó sì lè fọ́n omi ìdọ̀tí sókè dé bílówà. Mo ti rí mọ́tò tó jẹ́ pé omi ọ̀hún bú jáde láti ojú AC sára síìtì tuntun. Ẹ pa bílówà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Tó bá ti ṣí, ẹ máa mọ̀, omi á kọ́kọ́ dà wọ̀ọ̀, lẹ́yìn ìyẹn á máa kán. Ẹ tún ti rọ́bà dríìpù yẹn wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè gbọn ìyókù jáde. Ẹ má da hípò síbẹ̀ torí òórùn, ó máa ń jẹ evaporator, torí alumíníọ̀mù ni.

Kẹ́ ẹ tó jáde lábẹ́ mọ́tò, ẹ wo ẹnu rọ́bà náà. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kó kọjú sí. Tó bá lẹ̀ mọ́ irin, omi á máa fà padà sẹ́yìn. Tí ẹni tó kun dúdú sábẹ́ mọ́tò bá kùn ún pa, ẹ fi bíléèdì gé ẹnu ẹ̀ díẹ̀. Tí kò bá sí rọ́bà níbẹ̀ rárá, tí ẹ rí ihò lásán, ẹ lọ ra á, wọ́n ń tà á tòkúnbọ̀ níbi tí wọ́n ti ń tú mọ́tò, owó ẹ̀ ò pọ̀.

Àwọn kan máa ń yọ ike tó dí ihò ilẹ̀ mọ́tò kí omi lè máa jò lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún yín. Eruku àti èéfín á máa gba ibẹ̀ wọlé, rọ́ọ̀gì á ṣì máa rin, irin á dógùn-ún. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

5. Tó bá ti ṣí tó ṣì ń rin

Èyí ò wọ́pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń da àwọn tó ń ṣe AC pàápàá láàmú. Evaporator ló ń di yìnyín. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé AC á tutù dáadáa nígbà tẹ́ ẹ kúrò nílé, tẹ́ ẹ bá ti rin bí wákàtí kan lórí ẹ̀sípírẹ́ẹ̀sì afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, bílówà ń dún ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tó ń jáde, tẹ́ ẹ bá wá pa á bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kẹ́ ẹ tún tàn án, á tún padà bọ̀ sípò, lẹ́yìn náà omi á dà. Yìnyín tó yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni, ó pọ̀ ju ohun tí rọ́bà kékeré yẹn lè gbé lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo fíltà AC tó wà lẹ́yìn àpótí ìkẹ́rùsí iwájú (glove box), ìyẹn ló rọrùn jù, èmi rí tèmi tó ti dúdú bí èédú, ewé àti ìyẹ́ adìyẹ wà nínú ẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀ rárá, torí àwọn kan máa ń yọ ọ́ jù nù pé AC á fẹ́ dáadáa, eruku ti lẹ̀ mọ́ evaporator fúnra ẹ̀ nìyẹn, eruku yẹn náà ló ń ṣàn lọ dí ihò omi. Fíltà ò wọ́n, ẹ fi tuntun sí i.

Lẹ́yìn fíltà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi géèjì wo gáàsì. Fún gáàsì AC tí wọ́n ń pè ní R134a, tí apá tó tutù bá wà lábẹ́ 28 psi nígbà tí AC ń ṣiṣẹ́, evaporator ti ń sọ̀kalẹ̀ dé òdo nìyẹn, omi ara ẹ̀ á sì máa dì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gáàsì tó kéré á jẹ́ kó gbóná nìkan, wọn ò mọ̀ pé ó kọ́kọ́ máa ń jẹ́ kó dì. Ẹ má kàn rọ gáàsì sí i o, ẹ ní kí wọ́n wá ibi tó ń jò. Ẹ̀kẹta ni sẹ́ńsọ̀ tín-ín-rín tó wà lára evaporator, òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ AC tó ń ti gáàsì káàkiri pé ó ti tó, tó bá ti kú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ò ní mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Ríwáyà tó mọṣẹ́ lè wọ̀n ọ́n fún yín.

6. Ẹ gbẹ rọ́ọ̀gì, gbígbẹ gidi

Ibí làwọn èèyàn ti máa ń dúró, àti pé ibí lewu wà. Òkè rọ́ọ̀gì á gbẹ láàárín ọjọ́ kan, fóòmù tó wà lábẹ́ ẹ̀ ò ní gbẹ, ó máa ń mumi bíi kànìnkànìn. Ẹ tẹ ọwọ́ mọ́ ọn dáadáa, tómi bá yọ láàárín ìka yín, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e sókè.

Ẹ yọ ike ẹnu ọ̀nà, kílíìpù ló mú un, ẹ fà á sókè jẹ́jẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ síìtì, nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló sábà máa ń mú un, 14 ni sípánà ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ Toyota. Ṣùgbọ́n wáyà aláwọ̀ yẹ́lò tẹ́ ẹ máa rí lábẹ́ síìtì yẹn, ti airbag ni. Ẹ tú orí bátìrì tó jẹ́ négétíìfù, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ sì má tan mọ́tò nígbà tí wáyà yẹn bá wà ní yíyọ. Tí ọkàn yín ò bá balẹ̀, ẹ fi síìtì sílẹ̀, ẹ gbé etí rọ́ọ̀gì sókè nìkan, ẹ fi igi tì í, ẹ gbé fáànù ilé síwájú ẹ̀ kó fẹ́ mọ́jú, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sóòrùn lọ́jọ́ kejì. Ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta. Fóòmù tó bá ṣì rin máa ń rùn, nítorí náà kẹ́ ẹ tó dá a padà, ẹ gbóòórùn fóòmù fúnra ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn: ní October 2013, Toyota pe mọ́tò tó lé ní 800,000 padà ní Amẹ́ríkà, Camry, Avalon àti Venza ti 2012 àti 2013, torí òwú aláǹtakùn tó ń dí rọ́bà omi AC yìí gan-an. Omi tí kò ríbi gbà ń kán sórí kọ̀ǹpútà airbag, ó lè tan iná airbag lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, airbag sì lè fọ́n jáde fúnra ẹ̀ nígbà téèyàn ń wakọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ló rí i pé ó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Mélòó nínú mọ́tò wọ̀nyẹn ló ti di tòkúnbọ̀ lójú títì wa? Tẹ́ ẹ bá ń wa ọ̀kan nínú wọn, tí iná airbag sì ń tàn lẹ́yìn tí omi dà, ẹ má ní kí wọ́n kàn pa iná náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ kọ̀ǹpútà yẹn wò. Lára mọ́tò míì, wáyà àti brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí mọ́tò) wà nítòsí ẹsẹ̀ ẹni iwájú náà, omi tó wọ ibẹ̀ ló máa ń jẹ́ kí mọ́tò ṣàdédé kọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní mọ ìdí.

7. Lẹ́yìn ẹ̀

Tẹ́ ẹ bá dá gbogbo ẹ̀ padà, ẹ tún tan AC fún ogún ìṣẹ́jú bẹ́ ẹ ṣe ṣe níbẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ́ tíṣù funfun sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀, ẹ wa mọ́tò yí àdúgbò ká, ẹ yí kọ́nà sí òsì àti ọ̀tún. Tíṣù gbọ́dọ̀ gbẹ, abẹ́ mọ́tò gbọ́dọ̀ kán. Ẹ tún wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ tún wò ó tí òjò bá rọ̀ gidi. Ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ páàrọ̀ ọ́ìlì, mọ́tò ti wà lókè yẹn, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ tẹ rọ́bà yẹn fún yín, pàápàá ní March kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn tí mọ́tò bá ti dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìrìn, torí ìgbà yẹn làwọn kòkòrò máa ń ráyè kọ́lé.

Kẹ́ ẹ tó pa mọ́tò tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ pa AC sílẹ̀ ní bí ìṣẹ́jú méjì sí ilé, ẹ jẹ́ kí bílówà máa fẹ́ lọ, ara evaporator á gbẹ díẹ̀, òórùn ìbọ̀sẹ̀ yẹn ò ní tètè padà. Tèmi ti pé ọdún méjì báyìí, rọ́ọ̀gì gbẹ, màámi sì ti ń wọ bàtà tó wù wọ́n jókòó níwájú.